Eruku Òkúta Inú Ọ̀dà Títì

Ní ìlú tí mo ń gbé, ọ̀nà kan wà tí ó ti ọjà lọ sí ilé-ìwòsàn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán bí ejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, gbogbo wa sì yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ojú títì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bàtà ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì fa ipa méjì gbọọrọ sí i lára bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ìka fa ilà sórí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Nígbà tí òjò dé, omi dúró sínú ipa méjèèjì. Kí ọdún kejì tó parí, ibi tí omi ń dúró sí ti di kòtò, àwọn awakọ̀ sì ń yà fún kòtò títí wọ́n fi ń bọ́ sí ọ̀nà ẹlòmíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ akérò kan yà báyìí, ó sì gbá alùpùpù tí ó gbé aboyún kan lọ sí ilé-ìwòsàn yẹn gan-an. Orí ni ó kó ìyá àti ọmọ yọ.

Àwọn tí ó péjọ síbẹ̀ kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Wọn kò da ọ̀dà sí i tó! Wọ́n ti kó owó ọ̀dà jẹ!" Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá gé ègé lára títì náà, tí wọ́n gbé e lọ yẹ̀wò. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ni ó sọ fún mi pé ọ̀dà kò dín níbẹ̀ rárá; bóyá ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tí ó dín ni eruku. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí sì ti wà lọ́kàn mi.

Mo mọ̀ dájú pé ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka ìwé yìí ì bá fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wuyì ju eruku lọ. Àràárọ̀ ni ẹ ń gbá eruku kúrò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yín. Àwọn ìyá yín ń nù ún kúrò lórí àga. Olùkọ́ tí ó bá rí i lára aṣọ yín yóò bá yín wí. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Èrò tèmi ni pé eruku òkúta kì í ṣe ìdọ̀tí nínú títì. Ara ohun tí ó ń so títì pọ̀ ni, ó sì yẹ kí ẹni tí ń ṣe títì àti ẹni tí ń san owó rẹ̀ máa ka eruku yìí bí wọ́n ti ń ka ọ̀dà. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá kà á, a ó máa náwó lórí ọ̀nà kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, a ó sì máa gbé òkú kúrò lójú rẹ̀.

Kí ni ó wà nínú títì ọlọ́dà? Bí a bá mú 100 kìlógíráàmù àdàlù tí wọ́n ń tẹ́ sí ojú ọ̀nà ńlá, nǹkan bí 95 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ òkúta. Ọ̀dà fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní bítúmẹ̀nì, tí ó jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo rọ̀bì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa pẹtiróòlù àti kẹrosíìnì kúrò lára rẹ̀, kò ju nǹkan bí 5 lọ. Òkúta 95 yìí kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó tóbi bí ẹ̀kùrọ́ wà níbẹ̀, èyí tí ó kéré bí ọkà àgbàdo wà níbẹ̀, yanrìn wà níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni eruku wá kàn. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun kíkúnná ni wọ́n ń pè ní eruku lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ajọ̀ kan wà tí a fi okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ hun, tí ihò 200 tò nínú ínǹṣì kan rẹ̀. Fífẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá 75 nínú 1,000 mìlímítà kan. Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń jọ èlùbọ́ dà bí àwọ̀n ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá gba inú ajọ̀ yìí kọjá ni eruku tí mo ń sọ. Bí ó sì ti kúnná tó, ó tọ́ kí a máa pè é ní ìyẹ̀fun òkúta.

Nínú 100 kìlógíráàmù àdàlù náà, ìyẹ̀fun yìí lè má ju 3 sí 6 lọ. Ẹ má wo ìwúwo rẹ̀, ojú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ènìyàn bá la òkúta kan sí méjì, ojú tuntun méjì yóò yọ lára rẹ̀. Bí ó bá ń fọ́ ọ lọ, ojú náà yóò máa pọ̀ sí i, bí ìwúwo rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Kìlógíráàmù kan ìyẹ̀fun tí ó kúnná bí sìmẹ́ǹtì ní ojú tí ó tó 300 mítà onígun mẹ́rin, èyí tí ó ju pápá tẹ́níìsì kan lọ. Gbogbo ojú wọ̀nyí ni ọ̀dà ní láti fi ara rẹ̀ bò.

Ìdí nìyí tí ìyẹ̀fun kì í fi dá dúró nínú títì bí òkúta ńlá ti ń dá dúró. Inú ọ̀dà ni ó ń wọ̀ lọ, tí ó ń di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Ohun dúdú tí a ń rí láàárín òkúta kì í ṣe ọ̀dà lásán; ọ̀dà tí ó ti gba ìyẹ̀fun mọ́ra ni, gẹ́gẹ́ bí omi gbígbóná tí ó ti gba èlùbọ́ mọ́ra kì í ti í jẹ́ omi mọ́, tí a ń pè é ní àmàlà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe àpòpọ̀ yìí ní mástíìkì. Òun gan-an ni ó di òkúta mú. Ẹni tí ó bá ra ọ̀dà dáradára, tí kò bìkítà fún ìyẹ̀fun, dà bí ẹni tí ó se omi tán, tí ó wá ń wá àmàlà nínú ìkòkò.

Mélòó ni ó wá tọ́ kí a bù sí i? Ẹ mú àwo gàrí kan, kí ẹ máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi àkọ́kọ́ tí ẹ bá dà kò ní hàn. Ó ti wọ àárín gàrí lọ. Ẹ da òmíràn, kò tíì hàn. Ìgbà tí gbogbo àlàfo tí ó wà láàárín gàrí bá kún tán ni omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Láti ìgbà náà lọ, ìwọ̀nba omi tí ó bá ṣẹ́kù ni yóò sọ bóyá ṣíbí yóò máa yí nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́ tàbí yóò dúró gan-an bí òpó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀dà àti ìyẹ̀fun òkúta. Mo mọ̀ pé gàrí a máa wú, òkúta kì í sì í wú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó bá fẹ́ fi èyí mú mi ṣe sùúrù díẹ̀.

Onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, P. J. Rigden, ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba ní 1947. Bí a bá ki ìyẹ̀fun gbígbẹ sínú ihò irin kékeré kan, tí a sì gún un títí tí kò fi lè wọlẹ̀ mọ́, àlàfo yóò ṣì wà láàárín àwọn ẹ̀rún rẹ̀. Ọ̀dà tí yóò dí àlàfo wọ̀nyí ti di ẹrú ìyẹ̀fun. Kò lè ṣàn, kò lè lọ sí ibì kankan. Ọ̀dà tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí nìkan ni ó ní òmìnira, òun ni ó sì ń jẹ́ kí àpòpọ̀ náà lè rọ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé ìyẹ̀fun méjì lè wúwo bákan náà kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má sì dọ́gba. Àlàfo inú ọ̀kan lè jẹ́ 35 nínú 100, kí ti èkejì jẹ́ 50. Bí a bá bu ìwọ̀n kan náà lára àwọn méjèèjì sínú ọ̀dà kan náà, ti àkọ́kọ́ lè rọ̀ kí ti èkejì le koko. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi òṣùwọ̀n ìwúwo nìkan wọn ìyẹ̀fun kò tíì mọ ohun tí ó ń ṣe tán. Àwọn tí ń ro àmàlà ti mọ èyí kí a tó bí Rigden. Wọ́n mọ̀ pé èlùbọ́ ọjà kan ń mu omi ju ti ọjà kejì lọ, wọn kì í sì í fi ìwọ̀n kan ṣoṣo ro ó.

Oòrùn ilẹ̀ wa ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀ranyàn. Ojú títì dúdú a máa gbóná ju afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán gangan ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius. Àyẹ̀wò kan sì wà tí kò ṣòro láti yé ọmọdé. Wọn yóò da ọ̀dà sínú òrùka idẹ, wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù irin kékeré lé e lórí, wọn yóò gbé e sínú omi, wọn yóò sì máa dá iná sí omi náà díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n ooru tí ọ̀dà bá rọ̀ dé tí bọ́ọ̀lù irin fi fà á wálẹ̀, òun ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Oríṣi ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní 60/70, tí wọ́n ń lò púpọ̀ ní Nàìjíríà, a máa rọ̀ báyìí láàárín ìwọ̀n 49 àti 56. Ẹ gbé iye méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Títì lè gbóná dé 60, ọ̀dà lásán kò sì lè fara da ohun tí ó ju 56 lọ. Bí kò bá sí olùrànlọ́wọ́ fún un, ṣe ni gbogbo títì wa ì bá máa ṣàn lọ sínú gọ́tà nínú oṣù Ẹrẹ́nà! Òkúta ńlá ń ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, nítorí wọ́n ń ti ara wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ni ó ń yí ìwà ọ̀dà fúnra rẹ̀ padà. Bí a bá pò ó mọ́ ọn ní ìwọ̀n tí ó tọ́, bọ́ọ̀lù irin náà kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí ooru yóò fi fi ìwọ̀n 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó fà á ni pé ẹ̀rún òkúta gba àyè tí ọ̀dà ì bá fi máa ṣàn, ọ̀dà tí ó sì lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan kò ní irú ìrọ̀rùn tí ó ní tẹ́lẹ̀. Albert Einstein, ẹni tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ mìíràn, tẹ ìṣirò kan jáde ní 1906 lórí bí ẹ̀rún líle ti ń mú kí ohun tí ń ṣàn ki sí i. Àṣìṣe kan wọ inú ìṣirò náà, ó sì tún un ṣe ní 1911. Kí ẹni tí olùkọ́ ìṣirò bá fa ìlà pupa sí iṣẹ́ rẹ̀ rántí èyí.

Kì í ṣe òní ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ àǹfààní ìyẹ̀fun inú ọ̀dà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ní erékùṣù Trinidad, ní ibi tí wọ́n ń pè ní La Brea, adágún ọ̀dà kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 40 hẹ́kítà. Walter Raleigh, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, débẹ̀ ní 1595, ó sì fi ọ̀dà ibẹ̀ dí ara ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Nígbà tí ó di 1876, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà adágún yìí tẹ́ òpópónà Pennsylvania Avenue ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ó sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìlú mìíràn fi ń wá irú rẹ̀. Ó rọrùn láti rò pé ọ̀dà nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà adágún náà kò mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni ó jẹ́ eruku ilẹ̀ tí ó kúnná gidigidi. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ti po mástíìkì sílẹ̀ de ọmọ ènìyàn. Nígbà tí ọ̀dà epo rọ̀bì wá gba ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, irú eruku bẹ́ẹ̀ kò sí nínú rẹ̀; ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sí i, kò ní bá a níbẹ̀. Clifford Richardson, tí ó ti ṣe alábòójútó ọ̀dà títì ní Washington, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1905 lórí títì ọlọ́dà, ó sì tẹnu mọ́ iṣẹ́ tí eruku kíkúnná ń ṣe. Ìwé náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Èmi kò rí àwáwí kankan fún agbaṣẹ́ṣe tí ó bá sọ lónìí pé òun kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ohun tí mo sọ sáré lọ kó eruku da sínú ọ̀dà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ìyẹ̀fun bá pọ̀ jù, gbogbo ọ̀dà yóò di ẹrú, kò ní sí èyí tí ó ní òmìnira mọ́. Àdàlù náà yóò le lábẹ́ katakata, kò ní tẹ̀ dáadáa. Bí ọkọ̀ bá ń gun orí rẹ̀, yóò máa là wẹ́wẹ́ bí awọ ọ̀nì, omi yóò sì gba ojú ìlà wọ̀nyí wọlé. Ibí yìí ni ẹ̀tàn ti ń wọ inú iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Nítorí pé ìyẹ̀fun ń dí àlàfo, agbaṣẹ́ṣe tí ó dín ọ̀dà kù lè fi ìyẹ̀fun bo àṣírí ara rẹ̀: títì yóò dì, yóò sì dúdú lójú ẹni tí ó wá gbà á, ìgbà tí owó bá ti wọ àpò tán ni yóò tó máa là. Ẹ ò rí i pé ìpayà àwọn ará ìlú mi nípa owó ọ̀dà kò ṣe lásán? Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ojú lásán lè rí i.

Àwọn ará Amẹ́ríkà jìyà eruku tí kò ní òṣùwọ̀n yìí dáadáa. Lẹ́yìn òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970, ó di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń po ọ̀dà títì kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí eruku máa bá èéfín jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi àpò aṣọ ńláńlá sẹ́ èéfín náà. Eruku tí ó ti ń fò lọ sórí òrùlé àwọn ará àdúgbò tẹ́lẹ̀ wá di ẹrù lọ́wọ́ wọn. Kí ni wọn yóò fi í ṣe? Wọ́n dá a padà sínú àdàlù. Èyí kò burú nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá ti sí òṣùwọ̀n, eruku a kóra jọ, a sì wọlé gìrọ́gìrọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ kan a gba púpọ̀, èyí tí ó tẹ̀lé e a gba díẹ̀. Láti ilé-iṣẹ́ kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ibì kan lára títì le bí egungun, ibòmíràn sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Nínú ìlànà tuntun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn gbé kalẹ̀ ní àárín 1990 sí 1999, wọ́n ní kí ìwúwo ìyẹ̀fun má ṣe dín ní 0.6 ìwúwo ọ̀dà, kí ó má sì ju 1.2 rẹ̀ lọ. Ọ̀dà tí òkúta ti fà mu kò sí nínú kíkà náà.

Ó ku irú ìyẹ̀fun tí a ń lò, èyí ni mo sì kà sí pàtàkì jù fún ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú òkúta wa, láti Olúmọ ní Abẹ́òkúta dé àwọn òkè Ìdànrè, jẹ́ òkúta líle tí a ń pè ní gíránáìtì. Ó dára láti fọ́ fún títì, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ó fẹ́ràn omi ju ọ̀dà lọ. Bí òjò bá rí ọ̀nà wọ àárín òkúta àti ọ̀dà, òkúta náà yóò gba omi mọ́ra, yóò sì jọ̀wọ́ ọ̀dà. Ẹ kò ha ti rí òkúta tí ó tú káàkiri ẹ̀bá kòtò, tí kò ní àbàwọ́n ọ̀dà kankan lára, bí ẹni pé a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́? Iṣẹ́ omi nìyẹn.

Bí amọ̀ bá wá wà nínú ìyẹ̀fun tí a lò, ọ̀ràn náà yóò burú sí i. Amọ̀ kúnná, ó ń gba inú ajọ̀ kọjá bí òkúta, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, a wú, a rọ̀, a sì ṣí ọ̀dà kúrò lára òkúta. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tú àṣírí rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí ó mú mi rántí àwọn aláró wa. Wọn yóò ro ìyẹ̀fun náà pọ̀ mọ́ omi, wọn yóò máa kán aró búlúù kan sí i, wọn yóò sì máa mú ẹ̀kán kan lára rẹ̀ sórí ìwé funfun. Amọ̀ a máa mu aró. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì yó, omi tí ó bá tàn yí àbàwọ́n náà ká yóò mọ́ gaara. Nígbà tí ó bá yó tán, òrùka búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yóò yọ yí i ká. Bí aró tí ó mu bá ti pọ̀ tó ni ó ṣe yẹ kí a bẹ̀rù ìyẹ̀fun náà tó.

Òkúta ẹfun kò rí bí gíránáìtì. Ọ̀dà ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Bí a bá sì sun òkúta ẹfun nínú iná, tí a wọ́n omi sí i kí ó lè tú di ìyẹ̀fun funfun, ó tún wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwọ̀n 1 sí 1½ rẹ̀ nínú 100 òkúta a máa ran ọ̀dà lọ́wọ́ láti di gíránáìtì mú bí omi tilẹ̀ dé bá wọn, a sì máa fa ọjọ́ ogbó ọ̀dà náà sẹ́yìn. Níbo ni òkúta ẹfun wà? Ó wà ní Ewékorò, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ní 1960. Òkúta tí ń jọ̀wọ́ ọ̀dà àti ìyẹ̀fun tí yóò mú un dúró wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà tí ó wà nínú ilẹ̀ ní Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò wá kí ogun àgbáyé ti 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ìtara bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìyẹ̀fun Ewékorò fún ọ̀nà.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ eruku ni mò ń sọ nígbà tí gọ́tà kò sí, tí ilẹ̀ abẹ́ títì kò fìdí múlẹ̀, tí ọkọ̀ ńlá sì ń ru ẹrù tí ó ju agbára ọ̀nà lọ. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Títì tí kò ní gọ́tà yóò bàjẹ́ bí a tilẹ̀ lọ wúrà ṣe ìyẹ̀fun rẹ̀. Ní ti ẹrù, àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà láàárín 1958 àti 1960 fi hàn pé bí ẹrù tí ó wà lórí igi ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí yóò ṣe fún títì a máa di nǹkan bí ìlọ́po 16. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n gọ́tà ń fẹ́ owó ńlá, dídá ọkọ̀ ajagbé dúró sì ń fẹ́ ọlọ́pàá tí kò ní gba rìbá. Kí ni ìyẹ̀fun ń fẹ́? Ajọ̀ kan, òṣùwọ̀n kan, ààrò kékeré tí a ó fi gbẹ ẹ́, àti òṣìṣẹ́ kan tí kò ní kọ iye tí kò rí.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí wọ́n wọn ìyẹ̀fun ní ilé-iṣẹ́ kí ọkọ̀ tó gbé ẹrù jáde, kí wọ́n mọ àlàfo inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi aró dán an wò bóyá amọ̀ wà níbẹ̀. Lórí pátákó tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń rì mọ́lẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí orúkọ wọn máa ń wà gàdàgbà gadagba, kí wọ́n kọ ìwọ̀n ọ̀dà àti ìwọ̀n ìyẹ̀fun sí i, kí ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ń kọjá lè pín ọ̀kan sí èkejì lórí, kí ó sì mọ̀ bóyá ìṣirò náà pé.

Wọ́n tún ti ń tún ọ̀nà ilé-ìwòsàn wa ṣe. Mo lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo sì bi ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ léèrè pé mélòó ni ìyẹ̀fun tí ó wà nínú ẹrù tí wọ́n ń tú sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ó ń wo wèrè, ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀, pé ọ̀dà tí àwọn dà sí i lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ gan-an. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí ó gbé iṣẹ́ náà fún un. Mo ṣì ń retí èsì.